Inú Mi ni Olúwa Kọ́kọ́ Tú Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín lónìí pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Rúùtù tó ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí, Gbégamey ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Kútọnu níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jáde síwájú ìjọ yìí pé kí ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ọ̀tá mi. Ẹ gbàdúrà, ẹ ṣe àmín. Ó yẹ kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, nítorí kò já síbi tí mo rò.

Biró ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́, ọwọ́ mi sì yá lórí masíìnì gan-an. Èmi àti Janẹ́ẹ̀tì la jọ wà ní yàrá kan. Ẹ̀yà Gùn ni, ọmọ ìlú Agblangandan. Ọdún mẹ́rin la fi jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo, èmi á gbé gàrí wá, òun á gbé ẹja. Nígbà tí mo bí Rúùtù, òun ló dúró tì mí ní ilé ìwòsàn, torí ọkọ mi wà ní ìrìn àjò.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé Rẹfolúsíọ̀n wọn dé, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaráàdì, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹnìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè mí. Ó ní ìwé kan ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n tó ń ṣọ́ biró wa pé mò ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ gbàdúrà lọ́sàn-án, pé mo sì ń sọ nínú àdúrà pé ìjọba yìí kò ní pẹ́. Àdúrà ni mo gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò dárúkọ ìjọba rí. Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé mọ ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé. Janẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa ń fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, àwa yòókù ń fi márùn-ún.

Wọ́n gba masíìnì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ máa tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí eruku bò. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa to fáìlì, kí n sì máa kọ ohun èlò biró tó bá lọ fún àtúnṣe sínú ìwé kan, ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó padà.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí mo ti wà níbẹ̀. Mò ń kọrin níbí, mò ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Janẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jí láàárọ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó dójú tì í. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Oúnjẹ tó bá ní ata díẹ̀, n kò lè fẹnu kàn án. Dókítà yẹ̀ mí wò títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbà pé Janẹ́ẹ̀tì náà ló wà nídìí rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń jáde síwájú yín.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri biró, ìwé tó ń bú ìjọba. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ní òun rí Janẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ẹtì tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí masíìnì rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Ọlọ́pàá mú un. Ó ń sọ fún wọn pé masíìnì òun kò sí ní biró lọ́jọ́ náà, pé ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Wọ́n bi ọ̀gá. Ẹ̀rù ba ọ̀gá, ó ní òun ò rántí.

Ẹ̀yin ará, èmi rántí. Ọwọ́ mi ló gbà kọjá. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ẹtì náà ni masíìnì jáde, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló padà, ó wà nínú ìwé mi, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo délé, mo jó. Mo sọ fún ọkọ mi pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ìjọ. Ọkọ mi wò mí, ó dìde, ó jáde síta.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá Janẹ́ẹ̀tì wá sílé wa láti Agblangandan. Ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tó lè bí lọ́mọ. Ó ní ọmọ òun ránṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ìwé tí wọ́n ń kọ masíìnì sí wà. Mo gbé e dìde, mo fún un lómi, mo ní n kò mọ ibi tí ìwé náà wọlé sí, pé màá bá a wá a. Irọ́ ni. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dá orin, ẹ sì gbè é. Pásítọ̀ wàásù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí kálukú gbé ọwọ́ lé àyà, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù. Mo rí i pé bí Janẹ́ẹ̀tì bá kú sẹ́wọ̀n, inú mi yóò dùn, màá sì tún wá dúpẹ́ níbí. Ohun tó fi ìwé ṣe fún mi, èmi náà ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe é fún un.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Màmá Ẹ́sítérì, ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn tẹkúntẹkún. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà kí inú mi lè mọ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, màá gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, Ọlọ́run ò ní bá ọ fi ṣílẹ̀kùn."

Mo kúnlẹ̀ síbi ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Mo pe orúkọ Janẹ́ẹ̀tì níwájú Ọlọ́run, n kò sì fi èpè tì í, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ó korò lẹ́nu mi. Mo tún un pè. Nígbà tí mo fi máa dìde, nǹkan kan ti tú nínú mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo mú ìwé náà, mo sọ fún ọ̀gá pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Ó ní kí n rántí pé mo ní ọmọ. Mo ní mo rántí. Ọkọ mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó dúró síta nínú oòrùn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní fáìlì mi lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n kọ mọ́ mi níjọ́sí sì wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ni obìnrin yìí?"

Mo ní, "Rárá, ọ̀gá. Òun ló kọ ìwé tí ẹ mú dání yẹn."

Ó gbójú sókè. "Kí ló wá gbé ọ dé ibí?"

"Nítorí pé eléyìí, òun kọ́ ló ṣe é."

Ó yẹ ọjọ́ wò, ó yẹ ìbuwọ́lù ọ̀gá wa wò, ó gba ìwé náà, ó ní kí n máa lọ. Ní ọjọ́rú, wọ́n tú Janẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyìn fún Jésù.

Òun àti ìyá rẹ̀ wá sílé wa. Ó ti rù, kò fẹ́ jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ìgbìmọ̀ ní kí n dárúkọ ẹnì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á kọ tèmi. Ìwọ lo sún mọ́ mi jù."

Mo ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Jókòó, ká jẹun."

Ọbẹ̀ ọjọ́ náà ta. Mo jẹ ẹ́, inú ò run mí, kò sì tíì run mí títí di òní. Wọn ò tíì dá mi padà sídìí masíìnì o. Inú eruku yẹn náà ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bi mí pé kí ló dé.

Bí ẹnì kan bá jókòó síbí tí orúkọ kan ń korò lẹ́nu rẹ̀, kó má ṣe dúró ọdún méjì bíi tèmi. Kó yẹ inú ara rẹ̀ wò lónìí, kó sì fi ohun tó bá rí han Ọlọ́run. Kò ní lé e. Èmi tí ohun tí mo rí burú tó yẹn, ó gbà mí mọ́ra. Ògo ni fún orúkọ rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́, ẹ bá mi yọ̀, nítorí ẹni tí ẹ ń wò yìí ti dòmìnira.