Gẹ̀ẹ́sì Tí Tíṣà Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Tíṣà Adébánjọ kò tíì pé ọdún márùn-ún tí jẹjẹrẹ fi dá a dùbúlẹ̀ ní Èjìgbò. Nígbà tí ó rí i pé ikú ti dé tán, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Nafeesah tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè.

"Ẹ rántí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ilé yín ní Ìsọlọ̀," ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò gbàgbé? Ẹnjiníà ló sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé ilé náà kò ní pẹ́ wó. Lánlọ́ọ̀dù bẹ Tíṣà kí ó bá òun kìlọ̀ fún àwọn ayálégbé. Ohun tí gbólóhùn kan ì bá parí, Tíṣà kọ odidi ojú ìwé. Látìn ló fi bẹ̀rẹ̀, Látìn ló fi parí, gírámà gbankọgbì ló kún àárín. Àwọn ayálégbé dúró síwájú ìwé náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nafeesah kékeré tilẹ̀ há a sórí, ó ń kà á fún gbogbo àlejò: "Ex abundanti cautela..." Orí Tíṣà wú.

"Ẹ bi mí pé kí ló túmọ̀ sí, mo ní kẹ́ ẹ lọ ra dikiṣọ́nárì. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ọ. Àgbàyà ni mí, ìyìn ló ń dùn mọ́ mi."

Ilé náà wó láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan, Nafeesah wà nínú rẹ̀.

"Èyí tó burú jù ń bọ̀," ni Tíṣà wí. "Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí, mo ní mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín, ẹ ní ẹ ò ní kó jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Súbérù, bàbá Nafeesah, gbọ́ nígbà tó ti Àbújá dé, tó fi kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, tó ní oríkunkun rẹ̀ ló pa ọmọ òun.

Ìyá Nafeesah kò sunkún. "Kí ló wà nínú ìwé yẹn gan-an, Tíṣà?"

"Ilé fẹ́ wó. Ẹ kó jáde."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Súbérù, kí n jẹ́wọ́ fún un."

"A ti sin Súbérù lóṣù tó kọjá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi kú."

Tíṣà wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ìwé tó ti kà láyé, kò rí ọ̀kan mú. "Ẹ dárí jì mí," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ìyá Nafeesah ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ máa tó rí Nafeesah," ó ní. "Òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀ ẹ́."