Ọ̀rọ̀ "Nìkan" Tí Mo Sọ fún Ìyálé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Wọ́n fẹ́ lé ọmọbìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ẹbí ọkọ mi máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́.

Igando ni mò ń gbé. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń gbé ní Egbeda. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín lórí ìyẹn. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú.

Nígbà kan, mo bá ọ̀gá mi obìnrin lọ sí Síńgápọ̀, mò ń bá a tọ́jú àwọn ìbejì rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ parí níbẹ̀, gbogbo wa padà sí Èkó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọjú sí ẹbí, ìyálé mi ní, "Ẹ wá wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó wọ bàálù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn títí dòní.

Lẹ́yìn náà, Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ ní Síńgápọ̀ yẹn gan-an. Ìyàwó Káyọ̀dé, Bùnmi, bímọ, wọ́n sì ní kí Màmá wá bá àwọn wẹ ọmọ. Bùnmi ló ṣe gbogbo ètò ìwé ìrìn-àjò. Ìyálé mi wá bá mi nílé. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo mọ ìlú àwọn èèyàn yẹn. Wá kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ìlú kan ṣoṣo ni, òun náà ni orílẹ̀-èdè. Mo ní oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n omi kì í dúró lójú títì. Mo ní àwọn ará Ṣáínà, àwọn ẹ̀yà Malay àti àwọn ará Íńdíà jọ ń gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, èdè wọn ò papọ̀, oúnjẹ wọn ò papọ̀, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé òrìṣà àwọn ará Íńdíà sì lè wà ládùúgbò kan. Mo ní Àǹtí tàbí Ọ́ńkù ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ta oúnjẹ, bíi tiwa níbí. Èyí dùn mọ́ ọn.

Mo tún sọ ti tíṣù fún un. Nílé oúnjẹ ńlá wọn, ẹni tó bá fẹ́ lọ tò síwájú olóúnjẹ máa gbé tíṣù kékeré kan sórí àga. Àga yẹn ti ní olówó orí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tíṣù lásán? Màá gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, jàre."

"Ẹ má dán an wò, mà."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ìyálé mi máa ń fi aáṣà sẹ́nu. Ìyá ìjọ ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, ọkọ rẹ̀ ò mọ̀, ọmọ rẹ̀ ò mọ̀. Èmi mọ̀ nítorí èmi ló máa ń rán lọ rà á ní Shasha, lọ́wọ́ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kan. Tí ẹnikẹ́ni bá bá a lọ́wọ́ mi, kí n ní tèmi ni. Mo sì mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí irú tábà lílọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ Síńgápọ̀. Ìyá ọ̀gá mi gbé e dání nígbà tí a ń lọ, ọ̀gá mi sì dà á nù n'Íkẹjà kí a tó wọ bàálù.

Mo wojú rẹ̀. Mo rántí ọmọ ọ̀dọ̀ tó wọ bàálù. Mo ní, "Ṣíńgọ́ọ̀mù nìkan ni, mà."

Ká ní mo sọ pé ṣíńgọ́ọ̀mù kí n sì dákẹ́, mo lè ní mo gbàgbé. Èmi ni mo fi "nìkan" sí i. Èmi náà ni mo lọ ra aáṣà tó gbé lọ. Ó ní kí n bù ú kún inú ike ìpara.

Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ojú á tì í díẹ̀. Mi ò rò ó kọjá ibẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè Síńgápọ̀ ṣí ike náà. Ó ní ìpara ni. Wọ́n tún bi í, ó ní kì í ṣe tòun, wọ́n fi rán òun ni. Irọ́ yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n dá a padà. Káyọ̀dé àti Bùnmi ń dúró dè é níta, ọmọ wà lẹ́yìn Bùnmi.

Nígbà tó padà dé Èkó, ó sọ fún gbogbo ẹbí pé ìwé tí Bùnmi ṣe ni kò dára, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ìyá ọkọ má baà wọlé òun. Èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún.

"Aáṣà ni wọ́n bá lọ́wọ́ mi. Tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, ìwọ lo sọ ọ́." Ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Láti ìgbà náà, Káyọ̀dé kì í jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Bùnmi pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún Màmá?" Mo ní kó ní sùúrù. Ẹnu èmi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyálé mi ti wá rí ọmọbìnrin mìíràn nínú ìjọ rẹ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n wò ó bóyá kò yẹ Káyọ̀dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa pe Káyọ̀dé lórí fóònù lójú gbogbo ẹbí, wọ́n á ní kó mú ọ̀kan nínú Bùnmi àti ọmọbìnrin yìí.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìyálé mi á ní èmi ni mo fi aáṣà rán òun. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn mọ ojú mi, kò mọ tirẹ̀. Ọkọ mi á sì lé mi, nítorí kì í gba ìwọ̀sí lórí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè sùn.

Mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ ìyálé mi. Mi ò tíì dárí ji òun náà. Bùnmi ni mò ń bẹ, bó bá ka èyí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé: ṣé kí n dìde nínú ìpàdé ni, àbí kí n ti pe Káyọ̀dé ṣáájú?

Àga Bùnmi ni wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn jókòó sí. Tíṣù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ìyálé mi pé a kì í fọwọ́ kàn án. Èmi náà ni mo jókòó tí mò ń wò ó, bó ṣe ń nawọ́ sí i.