Omi Kànga Bàbá Mi

Ẹ̀yin ìyá ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Sátidé ni àwọn díákónì ń bọ̀ wá gbé àgbá sí ẹ̀yìnkùlé mi, láti pọn omi tí wọn yóò fi kún adágún ìrìbọmi ẹ̀yìn ìjọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó dé, nítorí ó ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti ń jẹrà níbẹ̀. Èmi Ozella Tolbert, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ìyá ìjọ, tí gbogbo yín máa ń dìde fún tí ikùn mi bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà kí èmi fúnra mi tó wọlé, òpùrọ́ ni mí. Mo kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ọ̀kan fún ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá rí bíi ti adìẹ tó ń wa ilẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí kànga ẹ̀yìnkùlé mi yẹn jẹ́. Nígbà tí bàbá mi gbẹ́ ẹ, èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ fẹnu kan omi ẹ̀rọ tó wà níwájú kóòtù nígboro. Papa á ti oko òwú olówú dé, á mú ṣọ́bìrì, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ọjọ́ tí omi yọ, gbogbo ará abúlé wa, Sweet Gum, ló wá fi abọ́ gba tiwọn. Omi náà tutù, ó sì dùn débi pé oníwàásù mu ún tán, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ wàásù lé lórí. Papa sọ fún mi pé, "Zella, gbogbo ohun tá a ní ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa, àfi èyí." Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn di fìlà, mo ń dé e kiri. Ẹni tó bá gbé omi inú ọ̀rá tàbí ti ike wá sílé mi, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi gbé e padà sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n gbé ààtàn dé. Ọkọ̀ ojú irin ń kó eérú èédú bọ̀ láti ìpínlẹ̀ táwọn olówó ibẹ̀ ti ní àwọn ò fẹ́ ẹ nítòsí àwọn, wọ́n ń dà á sẹ́yìn ọgbà mi níbí, ní Alabama. Eérú bà lé ẹ̀fọ́, ó bà lé aṣọ tá a sá. Igún tò sórí òrùlé mi bí ẹgbẹ́ akọrin. Lurlene Hatcher, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, "Zella, àbí wọ́n ti gbóòórùn ọbẹ̀ ẹ ni?" Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n ń wò, eegun aláṣọ. Wọ́n rò pé o ti kú." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé àwa méjèèjì.

Renata, ọmọ Lurlene tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kó wa jọ pé ká jà. Ẹnu ta ló sì pọ̀ jù nínú ìjà náà? Tèmi ni. Èmi ni mo gbé àga tí ọkọ mi máa ń jókòó sí pẹja lọ sáàárín títì, tí mo jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó eérú láti ìdí ọkọ̀ ojú irin. Awakọ̀ ń bẹ̀ mí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi nìyí." Mo ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ tèmi náà nìyí." Nígbà táwọn ọlọ́pàá fi dé, àga ti há mọ́ mi nídìí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé èmi àti àga pọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ya fọ́tò mi sínú ìwé ìròyìn, ẹ̀yin náà gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Akọni ni mí lójú títì. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ohun tí mo jẹ́ nínú ilé ìdáná.

Lẹ́yìn ọdún kan tá a ti ń pariwo, ìjọba ìpínlẹ̀ gbà láti yẹ omi wò. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ wò, èyí tó sún mọ́ ààtàn jù lọ. Bí omi rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á fa omi ẹ̀rọ ìjọba dé gbogbo ilé, ààtàn ò sì ní gbòòrò mọ́. Bí ó bá mọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kànga Papa ló sún mọ́ ọn jù. Renata gbé ìgò kékeré kan tí ìjọba fi ránṣẹ́ fún mi, ó ní, "Àǹtí Ozella, tí ẹ bá jí láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó fọ ojú, kí ẹ tó gbé omi kaná, ẹ kún ìgò yìí láti ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní já mi kulẹ̀." Mo ní, "Já ẹ kulẹ̀? Èmi tí àga há mọ́ nídìí nítorí ẹ?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé omi yẹn ti yí padà. Tí mo bá fi po tíì, á dú bí ọtí òyìnbó. Ẹ̀wà ò jinná nínú rẹ̀. Ó ń ta bí irin lẹ́nu. Láti oṣù mẹ́rin ṣáájú ni mo ti ń ra omi ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń kó o pamọ́ sísàlẹ̀ fìríìjì, tí mo fi ilá àti ẹja bò ó bí ọ̀mùtí tó ń fi ọtí pa mọ́ fún ìyàwó. Èmi tí mò ń fàwọn èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́!

Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo dúró nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ ìsùn, eyín mi ṣì wà nínú ife. Mo ṣí omi sínú ìgò. Ó pọ́n bí ìtọ̀ ẹṣin. Mo gbé e sí iwájú fèrèsé, mo wò ó, ohun tí mo rí ni Papa nínú ihò yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé ọrùn. Ṣé èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ohun kan ṣoṣo tí wọn ò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbà á? Mo da omi náà nù. Mo fọ ìgò, mo yọ omi ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ ilá, mo kún un, mo dé e. Renata dé, ó dì mọ́ mi. Ẹ̀fọ́rí ò tiẹ̀ ṣe mí.

Ẹ mọ ohun tí lẹ́tà ìjọba sọ. Omi mọ́ tónítóní. Ìjọ fi gíláàsì bo lẹ́tà náà, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ààtàn gbòòrò, ó ga ju ilé agogo ìjọ wa lọ lónìí. Àwọn kan nínú yín sọ pé Renata ń wá òkìkí ni, pé nọ́ọ̀sì tó lọ gbé ìlú ńlá Atlanta kó tó padà wá ti fẹ́ fi ìbẹ̀rù sọ wá di aláìnílé. Ó wò mí lójú ìjọ, ó ń retí pé kí n gbèjà òun. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ kànga Lurlene bàjẹ́, kò sì lówó láti tún un ṣe. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì dé. "Zella, fún mi lómi. Ìjọba ti ní tiyín ló dáa jù." Kí ni mo lè sọ? Bí mo bá ní kó má mu ún, á ní kí ló dé. Mo pọn ọ́n fún un. Ọdún márùn-ún, ẹ gbọ́ mi, ọdún márùn-ún ni mo fi pọn omi yẹn fún ọ̀rẹ́ mi, èmi sì ń mu ti inú fìríìjì. Kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́. Dókítà ò sọ pé omi ni. Kò sì sọ pé kì í ṣe omi.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ gbẹ nílé ìwòsàn, ó ní òun ò fẹ́ omi wọn, omi Papa ni kí n gbé wá. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo bu omi ṣọ́ọ̀bù sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo gbé e lọ. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Èyí kì í ṣe omi yín." Mo ní, "Òun ni." Ó ní, "Zella, láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń mu omi yín, ìwọ yìí lo wá ń purọ́ fún mi?" Ó yí ojú sí ògiri. Èyí tó ń pa á, ó gbà á lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọjọ́ tí mo gbé èyí tó dáa wá, kò mu ún. Ọjọ́ kejì ló kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Renata, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá, ó fúnra rẹ̀ bu omi sínú ìgò, kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì máa fi jáde, Ìyáàfin Tolbert." Kò pè mí ní Àǹtí. Mo lọ bá Díákónì Purvis, mo ní kí wọ́n má pọn omi náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká: "Màmá, ọ̀fọ̀ Sìstá Lurlene ló ń dà yín láàmú. Àwọn èèyàn ti ń bọ̀ láti Detroit wá wo ìrìbọmi. Ẹ wo lẹ́tà ìjọba lókè yìí." Mo ní, "Èmi ni mo purọ́ tó wà nínú lẹ́tà yẹn!" Ó ní kí n lọ sinmi. Òótọ́ mi ò lágbára tó irọ́ mi, torí irọ́ mi ní òǹtẹ̀.

Mi ò lè dínà fún wọn. Ọkùnrin mẹ́rin ti gbé mi kúrò lójú ọ̀nà rí, ìgbà yẹn ni orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi. Ibòmíì tí wọ́n sì lè pọn dà? Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo kànga wa ti ń fa omi, odò sì gba ẹsẹ̀ ààtàn kọjá. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Àmọ́ láti òní títí di ọjọ́ Àìkú, ẹ gbé abọ́ omi kalẹ̀ nílé, omi ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ máa ri orí ọmọ yín bọ̀ ọ́, kí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé lábẹ́ omi. Tí pásítọ̀ bá gbé e jáde nínú adágún, tí gbogbo ìjọ ń kọrin, kó má kọrin. Kó kọ́kọ́ nu ètè rẹ̀.