Apá Yìí Kọ́ Ló Gbé Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ́ kó dúró. Mo rò pé èmi nìkan ni yóò máa dà láàmú. Ní báyìí, ó ti fẹ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Mo ti yí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn padà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Aláúsá, Agége ni mò ń gbé. Mo fẹ́ràn júdò. Láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ń ṣe é, mi ò sì fi sílẹ̀ nígbà tí irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé mi ṣánlẹ̀ níbi ìdánrawò, ejìká ọ̀tún mi sì yẹ̀. Wọ́n dá a padà sípò nílé ìwòsàn, wọ́n kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni dìmú títí àwọn yóò fi yọ̀ǹda.

Ìtọ́jú náà sú mi. Kí n máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri bí aláǹgbá. Kí n so rọ́bà mọ́ ilẹ̀kùn, kí n máa fà á. Kúdí ìyàwó mi a dúró tì mí, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá oníjúdò, ògiri ní kí n bá òun bẹ̀ yín o." Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní padà lọ kí dókítà tó gbà.

Mi ò mú ìlérí náà ṣẹ. Ní Sátidé kan, mo sọ fún un pé iṣẹ́ pàjáwìrì wà ní ọ́fíìsì, mo sì gba ibi ìdánrawò lọ. Ẹni tí mo bá dìmú kò tilẹ̀ fi agbára ṣe é. Ejìká náà tún yẹ̀. Olùkọ́ wa fà á padà, ó bínú sí mi gan-an. Mo wọ jàlàbíà lé e, mo darí sílé, mo díbọ́n pé ó kàn rẹ̀ mí ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Kúdí ṣubú nílé ìdáná.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ló le jù fún mi láti kọ. Mi ò lè gbé e. Mo fi ọwọ́ òsì wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, apá mi ò ká a. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń pariwo. Bàbá Sàkírù tó ń gbé nísàlẹ̀ ló sáré gòkè, tó gbé e pọ̀n, tó gbé e wọ mọ́tò. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí wọ́n fi sọ fún mi pé ó ti lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé bí a bá tilẹ̀ tètè dé, kò ní yàtọ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà kò sí lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bá mi pẹ̀lú apá tí mo fi aṣọ gbé kọ́rùn. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó bú sẹ́kún. "Háà, àna mi! Ẹ gbé ọmọ mi títí apá yín fi yẹ̀! Apá yín ò ní rọ o!"

Kí ni kí n sọ? Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ló ń ṣàdúrà fún mi. Mo ní, "Àmín."

Àmín yẹn ni irọ́ mi. Kí n tó mọ̀, ààfáà ti fi ṣe wáàsí níbi fìdáù, ó ní kí àwọn ọkọ wá kẹ́kọ̀ọ́ lára mi. Bàbá Sàkírù jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti pàdé, ohun tó máa ń bi mí ni pé, "Akọni, ṣé apá ń san?"

Ìyá kò padà sílé. Ó ní òun ò lè fi apá tó gbé ọmọ òun sílẹ̀ láìtọ́jú. Láràárọ̀ ló ń fi òrí ra ejìká mi. Ó sì ń san lóòótọ́. Mo ti lè sá aṣọ. Olùkọ́ wa ti gbà kí n máa wá ṣe ìwọ̀n tí agbára mi mọ. Bó ṣe ń san tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń sú mi tó.

Èyí tó wá dé ni ti Rọ̀fíátù, àbúrò Kúdí tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Làtífù tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke ní Àgídìngbì fẹ́ fẹ́ ẹ. Lóṣù tó kọjá, Rọ̀fíátù já sí gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Làtífù pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó mú un lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sọ fún mi, kí ló kù tí ọlọ́gbọ́n ì bá ṣe?

Ìyá yarí. "Kẹ̀kẹ́! Ó lọ pe kẹ̀kẹ́! Ó wo ọmọ mi nílẹ̀, kò gbé e!"

Mo ní, "Ìyá, kẹ̀kẹ́ yá ju ẹsẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ̀yin pe kẹ̀kẹ́ ni? Ọkùnrin tí kò lè torí ìyàwó fa apá ya, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ṣe?"

Rọ̀fíátù pariwo láti inú yàrá: "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ ṣẹ́ apá ẹ̀ fún un, kí ẹ lè gbà!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Inú bí mi sí Ìyá, sí ààfáà, sí ejìká ọ̀hún, kí n tó wá kan ara mi.

Ìyá ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí Làtífù pé kí wọ́n má wá tọrọ ọmọ òun mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ojú àánú mi ló pọ̀ jù. Rọ̀fíátù ti di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ yọ́ lọ bá Làtífù. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn parí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó ń tu Ìyá nínú ni pé ọwọ́ ọkọ ni ọmọ òun wà títí dé òpin. Ó máa ń sọ ọ́ bó bá ń ra mí lápá. Ṣé kí n wá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá Sàkírù, mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ti kú mọ́ lójú, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi. Èwo ló sàn: kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín wà nílẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ dúró tó ń pariwo, àbí kí ọmọ tó kù fún yín gba ẹ̀yìnkùlé jáde láìdágbére? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Rọ̀fíátù ní òun ń lọ.