Ìkéde Tí Mo Kà fún Ògiri

Ẹ ti fura tipẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Rédíò Àgbàlá mọ́. Ojú àánú lẹ fi ń wò mí, torí ẹ ò fẹ́ dójú ti àgbà. Tí mo bá dé ibi ìnáwó ní Bódìjà, tí mo rẹ ohùn sílẹ̀ kí n tó kí onílé, kí ẹnì kan lè béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin la máa ń gbọ́ lórí rédíò?", ẹ kì í kùnà láti béèrè. Ẹ ṣeun. Òótọ́ ni ìfura yín. Ṣùgbọ́n ó ku èyí tí ẹ ò mọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, torí lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ fi àwo ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá ní gbọ̀ngàn kan ní Challenge, pé èmi ni mi ò jẹ́ kí ohùn AM kú nílùú Ìbàdàn. Ohùn ọ̀hún ti kú. Èmi ni mo gbé òkú rẹ̀ pamọ́ sínú ilé, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tí mo sì ń sọ fún aráyé pé ó sùn ni.

Adégbọlá lorúkọ mi. Yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀ wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ring Road, ṣùgbọ́n inú oko ní Moniya ni òpó gíga wa wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wa sáfẹ́fẹ́. Alàgbà Májẹ́kódùnmí ló ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti lọ bá ọmọ wọn ní Kánádà. Kí wọ́n tó lọ ni wọ́n ti kì mí nílọ̀ pé, "Adégbọlá, ọjọ́ tí rédíò yìí bá dákẹ́, títà ni ilẹ̀ Moniya yẹn. Mi ò ní máa fún òkú ẹran lóúnjẹ." Nígbà tí òjò ọdún tí wọ́n lọ ń kásẹ̀ nílẹ̀, àrá sán pa ẹ̀rọ wa. Ayẹni, ẹnjiníà wa, ọmọ Oǹdó tí kì í parọ́ àfi tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, wá bá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ti lọ. Èyí tó jóná nínú rẹ̀, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ fún Alàgbà." Mo wo táì ọrùn mi nínú dígí. Táì, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìròyìn ni mo ti ń so táì fún àwọn tí kò lè rí mi. Tí rédíò bá dákẹ́, kí ni wọ́n á máa pè mí? Mo ní, "Ayẹni, ta ló máa mọ̀?" Ó ní, "Ẹni tó bá tan rédíò, sà." "Ta nìyẹn? Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo." Ó rò ó títí. Ó ní, "Ìyá mi. Àmọ́ wọ́n ti kú."

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń wọlé, mò ń kí ará Ìbàdàn kú ìmọ́jú, mò ń ka ìròyìn; Ayẹni ń gbà á sílẹ̀, a sì ń fi ránṣẹ́ sí Alàgbà lórí WhatsApp. Wọ́n á fèsì pé, "Ohùn rẹ rinlẹ̀ lónìí." Sípíkà kan wà lára ògiri yàrá àlejò wa. Ìdí máíkì mi gan-an ni wáyà rẹ̀ ti wá, kò gba orí afẹ́fẹ́ rárá. Ẹni tó bá jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀ á gbọ́ mi ketekete, á rò pé gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gbọ́ mi. Àwọn tó mú ìkéde òkú wá á gbọ́ orúkọ òkú wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Mo fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé òkú kì í kánjú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Fẹ́yìsetán dé. Tíṣà ni, láti Àpáta. Ó ní, "Bàbá mi ló sọnù, sà. Iyè wọn ti ń rà. Wọ́n jáde lánàá pé àwọn ń lọ síṣẹ́ reluwé, iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó lọ́kọ. Mo ti wá wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Dùgbẹ̀. Mo ti gbé fọ́tò wọn sórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ta ló máa rí àgbàlagbà lójú ọ̀nà tó máa wá yẹ fóònù wò?" Mo bi í léèrè aṣọ tí wọ́n wọ̀. "Búbá funfun, fìlà aláwọ̀ ewé. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n á máa bi pé níbo ni ọkọ̀ ojú irin wà. Tí mo bá kúrò níbí, mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn FM." Ibẹ̀ ló ti ta mí. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ní, "FM kẹ̀? Àwọn ọmọdé tó ń pariwo orin kiri yẹn? Ìyáàfin, àgbà ló ń mọ àgbà lójú, ọ̀dọ̀ wa sì làwọn àgbà wà. Ẹ má da ara yín láàmú." Ó gbà mí gbọ́. Kò lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́. Mo wọlé, mo tún táì so, mo sì ka ìkéde náà débi pé Ayẹni ń nu ojú lẹ́yìn dígí. Nígbà tí mo jáde, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá obìnrin náà lábẹ́ sípíkà. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yín báyìí ò ní lè jókòó." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ń tì mí láti sọ: inú mi dùn. Mo ti gbàgbé bàbá, ohùn mi ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. "Ṣé ẹnikẹ́ni pè, sà?" Mo ní kò tíì sí. Ó wo sípíkà, ó wo èmi náà. "Ẹ má bínú o, sà. Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ ibí? Àwọn tí mo bi lọ́nà ní àwọn ò mọ̀ pé ó ṣì wà. Mò ń rò ó pé kí n lọ sí Moniya, torí ibẹ̀ lọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbéra báyìí. Bóyá ẹnì kan ti júwe ibẹ̀ fún wọn." Ayẹni yíjú sí mi. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù: "Ẹ máa lọ." Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí obìnrin yìí sọ, "wọn ò mọ̀ pé ó ṣì wà" nìkan ni etí mi gbé. Mo ní, "Háà, àṣé mo ti gbàgbé. Ọkùnrin kan pè wá láàárọ̀ yìí láti Agbowó. Ọ̀gbẹ́ni Adéfọlárìn. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ wa. Ó ní òun rí bàbá kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì." Kò sí Adéfọlárìn kankan. Ẹnu mi ni mo fi bí i, tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ, tí mo sì fún un ní ilé sí Agbowó. Fẹ́yìsetán ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó pa ẹnu dé. "Ọlọ́run á dá ohùn yín sí, sà." Ayẹni ní, "Ẹ̀gbọ́n, Agbowó?" Mo ní, "Ó lè wà níbẹ̀." Ó ní, "Ó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́." Ó gbé bàágì rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà wá mọ́.

Ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni Fẹ́yìsetán fi ń ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì bọ́ sí búkà ní Agbowó, tó ń na fọ́tò bàbá rẹ̀ sójú àwọn ọmọ yunifásítì. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá Moniya ti pè é. Lóòótọ́ ni ẹnì kan ti júwe ọkọ̀ ojú irin fún bàbá náà. Wọ́n ti dé Moniya láti ọjọ́ tí wọ́n sọnù. Obìnrin kan tó ń dín gàrí, Àbẹ̀ḿbí, ló bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà tó mú wọn wọlé. Wọn ò rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lò. Ilé rẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Mo lọ kí ẹbí wọn ní Àpáta. Mo sọ fún ara mi pé àánú ló gbé mi lọ. Irọ́ ni, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti fura ni. Fẹ́yìsetán tún kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní fún Àbẹ̀ḿbí, tóun náà wá, pé, "Àwọn bàbá yìí ló bá wa ka ìkéde." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń di máíkì mú, ẹ gbọ́: bí ohùn yín bá ti ń dùn létí ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gbé máíkì sílẹ̀. Alàgbà, ẹ ta ilẹ̀ yín. Fẹ́yìsetán ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́ fún ìdáríjì, mo sì mọ̀ pé mi ò tọ́ sí i. Títí dọ́jọ́ tí mo lọ kí ọ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn: pé ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ wa ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, Àbẹ̀ḿbí sìn mí dé ẹnu géètì. Ó rọra béèrè ìgbà tí mo ka ìkéde náà, torí ìkànnì wa ni ìyá òun fi rédíò sí kí wọ́n tó kú, òun ò sì yí i kúrò. Ó ní láti ìgbà tí bàbá ti wọlé lòun ti ń tan án láàárọ̀ àti lálẹ́, tóun ń dúró kóun gbọ́ ẹni tó ń wá wọn, ṣùgbọ́n híhó ló kàn ń hó. Ó ní òun rò pé bátìrì ló ti kú, òun sì ra tuntun sí i.