Ta Ló Jẹ̀bi Àìgbàgbọ́ Tíṣà?

Ẹ kú Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé lónìí. Ọwọ́ tí ẹ rí báńdéèjì lára rẹ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé e. Halelúyà! Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mò ń pààrọ̀ ewé tí mo fi bo obì nínú apẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti ń lọ wọ̀, mo sì ń sáré kí n ṣe é tán kí Ọjọ́ Ìsinmi wa ti Sátidé tó wọlé nírọ̀lẹ́ yẹn. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ inú ewé, yéè! Paramọ́lẹ̀! Ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù wa lọ sí Òde Rẹ́mọ. Mò ń pariwo Jésù, ọwọ́ ń wú, ojú mi ń ṣú.

Ẹni tó sáré jáde ni Tíṣà, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ní òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ ní Kèfèrí ládùúgbò. Ó gbé mi sórí máṣìnì, ó fi ìró mi so mí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ọmọ, ó gbé mi dé ọsibítù. Dọ́kítà ní tá a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa ò bá má bóró mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà wá kí mi. Dípò kí n dúpẹ́, ìwàásù ni mo bẹ̀rẹ̀! Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò ní rí àwáwí kankan wí lọ́jọ́ ìdájọ́ o. Ìṣojú yín ni Ọlọ́run ṣe gbà mí lọ́wọ́ ikú."

Kò bínú. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣé ẹ rántí ẹni tó kanlẹ̀kùn yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú?"

Mo rántí. Ọjọ́ Ẹtì ni, a ti bẹ̀rẹ̀ orin. Mo rò pé ẹnì kan ló fẹ́ háyà píkọ́ọ̀bù. N kò ṣílẹ̀kùn. Inú ilé ni mo ti ké sí i pé Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé, kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ó ní, "Èmi ni. Ó ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mò ń gbàdúrà nígbà yẹn, ìyá, mò ń gbà á kíkankíkan. N kò tíì ní máṣìnì, kẹ̀kẹ́ ni mo gbé e lé, tí mò ń tì í lọ sójú títì. Mo ṣì ń gbọ́ orin yín nígbà tí ìyàwó mi dákẹ́."

Háà! Ẹ̀yin ará! Èmi yìí ni mo gbé oúnjẹ lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí mo ní kó gba kámú, pé àmúwá Ọlọ́run ni!

Ọ̀rọ̀ ejò ni mo fẹ́ wá sọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ dá lẹ́bi? Ṣé ọkùnrin tó ké pe Ọlọ́run, tó jẹ́ pé ohùn mi ló dá a lóhùn? Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde, ó ní kí n ṣọ́ ọwọ́ mi. Kò tíì gbàgbọ́ o, n kò sì wàásù fún un mọ́.

Ẹ bá mi yọ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí oró pa mí kí n tó gbọ́ ẹ̀sùn mi.