Ẹ̀bà Gbígbóná Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi tí mi ò lè kà, èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. Èmi náà ni mo fà á. Ẹ má ṣàánú mi kíákíá, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò wa ní Ìgàǹdó mọ̀ pé aláwàdà ni mí, wọ́n sì mọ̀ pé n kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sọ fún wọn pé mo ti fẹ̀yìn ti àwàdà náà pẹ̀lú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo ń sọ.

Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní, Òkè-Odò ló ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo gbé ìyàwó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìyàwó mi wá sọ ọ́ ní Akọ̀wé Mi, torí pé ọmọ náà kì í gbé bírò sílẹ̀. Ara ògiri ló ń kọ nǹkan sí, ara ilẹ̀kùn ni, kódà tí ìyàwó mi bá sùn lọ lọ́sàn-án, á kọ nǹkan sí i ní àtẹ́lẹwọ́, tí ìyẹn á jí, tí á máa fi ọṣẹ lé e kiri ilé. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ń pè é ní Akọ̀wé Mi. Àfi ìgbà tí ìyá wa kú. Ìyàwó mi tó fi ọdún mẹ́rin wẹ̀ fún ìyá náà, tó ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tá a ti ń pètò ìsìnkú. Àbúrò mi wá sọ ọ́ gbangba lójú ẹbí pé obìnrin tí wọ́n gbé wọlé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òkú. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń pe àbúrò mi ní orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé ogun ti dé nìyẹn. Ìyàwó mi ní ẹsẹ̀ kankan láti ilé wa kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà àbúrò mi mọ́. Mo ní kò burú. Ọkùnrin tó bá fẹ́ jẹun ní àlàáfíà á máa sọ pé kò burú.

Nígbà tó yá, àìsàn àtọ̀gbẹ mú àbúrò mi lẹ́sẹ̀, kò lè rìn jìnnà mọ́. Ṣé kí n máa wò ó ni? Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe ìpàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo sì ń gba Òkè-Odò lọ. Màá fá irun rẹ̀, màá fá irùngbọ̀n rẹ̀, a ó jọ jẹ nǹkan. Kì í ṣàì béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé kò tíì tó ìgbà tí mo lè bẹ̀ wọ́n?" Màá dáhùn pé inú ṣì ń bí wọn. Irọ́ ni. Mi ò bi ìyàwó mi rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í láìsọ ibi tí mo ti ń bọ̀?

Ẹ̀bà ló kọ́kọ́ fu mí lára. Bí mo tètè dé, bí mo pẹ́, bí òjò dá mi dúró lọ́nà, ẹ̀bà tí màá bá nílé lórí tábìlì á ṣì máa rú èéfín. Mo bi ìyàwó mi léèrè, ó ní ara òun ló ń sọ fún òun. Ara wo? Fóònù mi náà sì ń gbóná nínú àpò bí ẹni tó ní ibà, dátà mi ń tán láìjẹ́ pé mo wo nǹkan kan. Mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.

"Dádì, kò sí olè nínú ẹ̀ o. Ẹnì kan ló gbà á lọ́wọ́ yín tó ṣètò ẹ̀ kí máàpù máa fi ibi tẹ́ ẹ bá wà han ẹlòmíì. Orúkọ ẹlòmíì ọ̀hún rèé. Ta ni Ìyá Bọ́lá?"

Mo ní, "Ẹnì kan tá a jọ ń gbé ni."

Ó na ìka sí orúkọ náà. "Ṣé kí n pa á?"

Mo ní kó fi sílẹ̀ jàre. Mo ti rántí pé Bọ́lá ọmọ wa wá kí wa lọ́dún tuntun, ó sì gba fóònù àwa méjèèjì, ó ní òun ń ṣe é kó má bàa sọnù. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí: pé ìwé orúkọ wà lórí tábìlì kò túmọ̀ sí pé tíṣà ń pè é láràárọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó mi ń wò ó lóòótọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mi ò lọ sí Òkè-Odò. Mo gbé fóònù mi fún Alhaji, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ṣe tíṣà, tó ń lọ kí àna rẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command. Ó bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kankan wà nínú rẹ̀. Mo ní kò tíì sí. Mo jókòó sí ìsọ̀ aránṣọ kan fún wákàtí mẹ́ta, mo ń to ẹjọ́ tí màá rò, lẹ́yìn náà ni mo rọra wọlé. Sítóòfù tutù. Gààrí wà nínú ike. Ìyàwó mi fò dìde.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ò sí ní Command mọ́ ni?"

Ẹjọ́ ti parí, mo ti jàre. Mo ya ẹnu kí n dá a lẹ́bi, àṣé kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Ọjọ́bọ̀ mà lèyí. Kí lẹ wá lọ ṣe ní Command? Ta ló fá irun fún Akọ̀wé Mi lónìí?"

Mo jókòó. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni, òun sì wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé máàpù náà dé Òkè-Odò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun dúró lẹ́bàá fèrèsé, òun rí mi tí mo tẹ̀ ba lé àbúrò mi lórí pẹ̀lú abẹ. "Ọjọ́ yẹn ni mo ti dárí jì í. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Oṣù méje." Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló yẹ kí n dáhùn? Mo ní rárá. Mo ní ọkùnrin tí wọ́n ń ṣọ́ bí ewúrẹ́ kì í kánjú, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ mi, kó dúró de Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí òun náà dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kó mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, apá ọ̀tún àbúrò mi rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn la bá a. Ìyàwó mi dúró tì í, ó ní, "Akọ̀wé Mi." Ó fẹ́ dáhùn, ohùn lásán ló jáde. Ó wá fi ọwọ́ òsì mú ọwọ́ ìyàwó mi, ó là á, ó fi ìka kọ nǹkan sí i ní àtẹ́lẹwọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ìyàwó mi pa ọwọ́ dé. Kò tíì sọ fún mi títí di òní.

A jọ ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ báyìí. Kò pa máàpù náà, mi ò sì ní kó pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣọ́ fóònù yín, ẹ wo orúkọ tó wà nínú máàpù, ẹ fọwọ́ kan fóònù náà bóyá ó ń gbóná, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan ẹ̀bà yín. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé báwo ni ẹni tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún oṣù méje ṣe lè bi obìnrin ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo bẹ̀ yín. Lánàá, mo ti pinnu láti bi í. Mo wọlé, mo ya ẹnu. Ẹ̀bà ti wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Mo fọwọ́, mo jẹ ẹ́.